Kí Ó Tutù, Kó Má Dì

Ọkùnrin tí mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀ yìí kì í ṣe olókìkí. Nínú ilé tí à ń gbé ní ọ̀nà Ìgbógbó ní Ìkòròdú, Bàbá Dùnsìn ni gbogbo wa ń pè é, nítorí Dùnsìn ni ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Oyèdèjì ni orúkọ rẹ̀ gan-an, ọmọ Ìkìrun sì ni. Yàrá méjì ló háyà, yàrá méjì ni àwa náà háyà, kọ̀rídọ̀ kan ló sì wà láàárín wa. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ lọ́jọ́ Sátidé, mo máa ń gbọ́ ìró omi lẹ́yìnkùlé níbi tó ti ń fọ kúlà rẹ̀. Kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a fọ̀ ọ́.

Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ̀pọ̀ nínú ohun tí mo kọ síbí. Èyí tí kò sọ, mo bi àwọn tí ọ̀rọ̀ ṣojú wọn.

Kó tó di pé ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn, ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe yìnyín ló wà, ní àgbègbè àwọn ilé iṣẹ́ ńlá lójú ọ̀nà Ṣágámù. Ọdún mẹ́sàn-án ló lò níbẹ̀. Àwọn obìnrin ẹlẹ́ja máa ń wá láti Ìtòíkin àti Ẹ̀pẹ́ wá ra yìnyín lọ́wọ́ wọn. Ẹja wọn a sì máa bàjẹ́ lójú ọ̀nà, nítorí pé odindi ni wọ́n ń gbé yìnyín lé e lórí. Òun ló kọ́ wọn lọ́gbọ́n. Ó ní kí wọ́n fọ́ yìnyín náà wẹ́wẹ́, kí wọ́n bu iyọ̀ sí i, kí wọ́n wá dà á bo ẹja náà mọ́lẹ̀. Ó ní iyọ̀ ló ń mú kí yìnyín mú ju bó ṣe yẹ kó mú lọ. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Ṣẹ̀rífátù, tó ń ta ẹja ní ìkóríta Ìtòíkin, ló kọ́kọ́ dán an wò. Ẹja rẹ̀ dé ọjà Ìkòròdú, ó le bí òkúta. Láti ọjọ́ náà, obìnrin yìí kì í pè é ní nǹkan mìíràn ju Ọ̀gá Oníyìnyín lọ.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ yìnyín náà kógbá wọlé, ó rí iṣẹ́ sí ilé ìwòsàn kan ní Ìkòròdú, níbi tí wọ́n ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ tí àwọn èèyàn bá fi tọrẹ sí. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa gbá ilé, kó máa wo fíríìjì, kó sì máa gbé ẹ̀jẹ̀ lọ síbi tí wọ́n bá rán an. Ọjọ́ kìíní tó débẹ̀, ó fọwọ́ kan inú fíríìjì, ó rí i pé kò tutù tó lójú tirẹ̀. Ó fẹ́ ṣe dáadáa. Ló bá yí nǹkan tó ń darí òtútù rẹ̀ dé òpin.

Dọ́kítà Àyàntúndé ló ń darí ibẹ̀. Ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ kan ni, tó ti ṣiṣẹ́ lókè òkun rí. Ó wọlé, ó wo tẹmómítà, ó dúró.

“Ta ló fọwọ́ kan èyí?”

“Èmi ni, sà. Mo rí i pé kò tutù tó.”

“Kò tutù tó fún kí ni?”

“Fún ẹja, sà.”

Dọ́kítà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dá fíríìjì padà sí dígírì mẹ́rin, ó fa àga méjì. “Ẹ jókòó, Bàbá Dùnsìn. Kò sí èyí tó bàjẹ́, ọpẹ́lọpẹ́ pé mo tètè dé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí lókè òkun fún yín.”

Ó sọ pé lọ́hùn-ún, bí ẹnì kan bá kú nínú ìjàǹbá, tí àwọn ẹbí rẹ̀ sì gbà, àwọn dọ́kítà lè yọ ọkàn ẹni náà, kí wọ́n fi í sí àyà ẹlòmíràn tí ọkàn tirẹ̀ ti rẹ̀. Ẹni tó máa gbà á lè wà ní ìlú mìíràn. Nítorí náà, wọ́n á fi omi tútù kan tí wọ́n dìídì pò fọ ọkàn náà, wọ́n á fi í sínú àpò pẹ̀lú omi yẹn, wọ́n á fi àpò kejì bò ó, wọ́n á tún fi ẹ̀kẹta bò ó, kí wọ́n tó gbé e sínú àpótí yìnyín.

“Àpò mẹ́ta, kí yìnyín má bàa fara kàn án,” ni dọ́kítà wí. “Òtútù ń mú un sùn ni. Ó lè sùn fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin, kó sì jí ní àyà ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ibi tí yìnyín bá ti mú un dì, ibẹ̀ ti kú nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀jẹ̀ tó wà níbí.”

Bàbá Dùnsìn yíjú wo fíríìjì náà.

“Dọ́kítà, ta ló máa ń lọ sọ fún àwọn ẹbí ẹni tó kú pé ó ti dé?”

“Pé kí ló ti dé?”

“Ọkàn ọmọ wọn.”

Dọ́kítà ní nígbà mìíràn wọ́n máa ń kọ lẹ́tà sí wọn, ṣùgbọ́n wọn kì í kọ orúkọ ẹni tó gbà á sí i.

“Lẹ́tà dára,” ni Bàbá Dùnsìn wí, “àmọ́ kò tó.”

Dọ́kítà fi báírò ya àwòrán ọkàn nínú àpò mẹ́ta sórí bébà kan fún un. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì, ó sì kọ ọ̀rọ̀ kan sábẹ́ rẹ̀ pé: Kí ó tutù, kó má dì. Mo ti fojú ara mi rí àwòrán náà. Omi ti ta sí i, ṣùgbọ́n èèyàn ṣì lè kà á.

Láti ìgbà náà ló ti bẹ̀rẹ̀ àṣà kan tí ẹnikẹ́ni kò rán an. Ó ra ìwé olójú-ewé ọgọ́ta, ó ń kọ orúkọ gbogbo ẹni tó bá fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ síbẹ̀, irú ẹ̀jẹ̀ tí onítọ̀hún ní, àti bí èèyàn ṣe lè rí i. Bí ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan bá ti wọ ara ẹlòmíràn, á wá ẹni tó fún wọn lọ, á sọ fún un pé, “Ẹrù yín ti délé o.” Kò jẹ́ dárúkọ ẹni tó gbà á. Bó bá ti sọ bẹ́ẹ̀ tán, á máa lọ. Ìyá mi máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, “Bàbá Dùnsìn, ẹ̀yin ni alágbàṣe ilé ìfìwéránṣẹ́.” Òun náà á ní, “Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ẹni tó fi ọbẹ̀ ránṣẹ́ sílé àna, ṣé kò ní béèrè bóyá ó dé ni?”

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gan-an ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Tọ́sìdeè kan nínú oṣù kẹta ọdún 2006. Oòrùn mú lọ́jọ́ náà. Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, wọ́n pe dọ́kítà láti ilé ìwòsàn kan ní Ẹ̀pẹ́. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Sọ̀fíyàt bímọ láàárọ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ya lára rẹ̀. Wọ́n ti rí i dá dúró, ṣùgbọ́n èyí tó kù lára rẹ̀ kò tó láti gbé e ró. Àpò méjì ni wọ́n ń fẹ́. Irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni èyí tí wọ́n ń pè ní O-nẹ́gátíìfù, tí kò wọ́pọ̀ láàárín wa. Ẹni tó bá ní in, irú rẹ̀ nìkan ló lè gbà. Àpò méjì péré ló wà nínú fíríìjì ní Ìkòròdú.

Mọ́tò ilé ìwòsàn ti lọ sí Èkó. Dọ́kítà ní kí Bàbá Dùnsìn wọ takisí.

Ó to yìnyín sí ìsàlẹ̀ kúlà, ó tẹ́ páálí lé e, ó tẹ́ táwẹ́ẹ̀lì lé páálí. Ó fi aṣọ wé àpò ẹ̀jẹ̀ kìíní ní ìlọ́po mẹ́rin, ó gbé e sí ìsàlẹ̀. Aṣọ kò tó mọ́, nítorí náà ìlọ́po kan ló fi wé ìkejì tó wà lókè. Ó ki tẹmómítà sáàárín wọn, ó pa á dé. Ní Gáréèjì Ìkòròdú, ó rí takisí kan tí awakọ̀ rẹ̀ ń jẹ́ Bísíríyù, ọmọ Ìjẹ̀bú tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

“Bàbá, ẹ jẹ́ ká gbé kúlà yẹn sí búùtù. Ẹ gbé e lé itan bí ọmọ tuntun.”

“Ó ju ọmọ tuntun lọ lónìí. Ìyá ọmọ tuntun ni.”

Wọ́n kọjá ìkóríta Ìmọ̀tà dáadáa. Bí wọ́n ṣe ń wọ Ìtòíkin ni táyà ẹ̀yìn bẹ́. Bísíríyù ṣí búùtù, ó gbé táyà kejì jáde, òun náà ti jò. Ó dúró, ó ń wò ó bí ẹni tí kò rí táyà rí.

“Bísíríyù, táyà tí kò ní afẹ́fẹ́ lo gbé pa mọ́?”

“Bàbá, ẹ má bínú. Ọ̀la ni mo ní kí n lọ fẹ́ ẹ.”

Kò sí àkókò láti bá a jà. Bàbá Dùnsìn wò yíká, ó sì rí àtíbàbà Ṣẹ̀rífátù lódìkejì ọ̀nà. Inú rẹ̀ dùn. Ó gbé kúlà náà lọ síbẹ̀.

“Ọ̀gá Oníyìnyín! Ẹ̀yin rèé? Ẹ káàbọ̀ o! Ẹ ti rù, ṣé wọn kì í fún yín lóúnjẹ ní ilé ìwòsàn ni?”

“Alájà, ẹ kú ọjà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣọ́ kúlà yìí lábẹ́ ibòji. Ẹ̀jẹ̀ ni, aláìsàn kan ń dúró dè é ní Ẹ̀pẹ́. Mo fẹ́ lọ dá ọkọ̀ dúró. Ẹ ṣáà má jẹ́ kó gbóná.”

“Kó gbóná kẹ̀? Lọ́wọ́ tèmi? Ẹ máa lọ.”

Bó ṣe sọ fún mi, gbogbo ohun tó sọ fún un nìyẹn. Ó tún un sọ fún mi lẹ́ẹ̀mejì, kí n lè rí ibi tí ẹ̀bi wà.

Ó lò tó ìṣẹ́jú márùndínlógójì lójú títì. Gbogbo ọkọ̀ tó ń lọ sí Ẹ̀pẹ́ ló kún. Nígbà tó yá, ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù kan tó kó ẹ̀gẹ́ láti Ìmọ̀tà dúró fún un. Ó sáré padà wá gbé kúlà.

Bó ṣe gbé e nílẹ̀ ló ti mọ̀. Kúlà náà wúwo ju bó ṣe fi í sílẹ̀ lọ.

“Alájà, kí lẹ fi sínú rẹ̀?”

Ṣẹ̀rífátù rẹ́rìn-ín, ó nu ọwọ́ sí ìró rẹ̀. “Mo fọwọ́ kàn án, kò tutù rárá. Mo ṣí i wò, èmi àti Bísíríyù, a ò rí yìnyín kankan lókè. Mo ní ọ̀gá wa ti gbàgbé iṣẹ́ ẹ̀. Mo wá fọ́ yìnyín wẹ́wẹ́, mo bu iyọ̀ sí i dáadáa, mo bò ó mọ́lẹ̀. Ó máa dé Ẹ̀pẹ́ bí òkúta.”

Bàbá Dùnsìn kúnlẹ̀ lórí iyẹ̀pẹ̀, ó ṣí kúlà. Ó ń fi ọwọ́ méjèèjì kó yìnyín oníyọ̀ náà jáde. Tẹmómítà ti sọ̀ kalẹ̀ kọjá òdo. Etí àpò òkè ti gan, nígbà tó sì tẹ̀ ẹ́, ó gbọ́ tó ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lábẹ́ àtàǹpàkò rẹ̀. Ó tú aṣọ ìsàlẹ̀. Àpò ìsàlẹ̀ yìí rọ̀, ó ń mì. Ó fi tẹmómítà sí aṣọ rẹ̀, ó dúró títí ó fi rí i pé dígírì mẹ́ta ni. Aṣọ onílọ̀ọ́po mẹ́rin ló gbà á là.

“Ọ̀kan ti bàjẹ́,” ló wí.

Ẹ̀rín kúrò lójú Ṣẹ̀rífátù. “Ọ̀gá Oníyìnyín, ṣebí ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa? Ẹ̀yin lẹ ní iyọ̀ ni ọgbọ́n ẹ̀.”

Ó fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n kò rí ẹni tí ìbínú náà tọ́ sí. “Òótọ́ ni, Alájà. Èmi ni mo kọ́ yín.”

Bísíríyù sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Bàbá, ó máa yọ́ kẹ́ ẹ tó débẹ̀. Á dà bí ẹgbẹ́ ẹ̀. Ta ló máa mọ̀?”

“Ara obìnrin náà ló máa mọ̀.”

Ó fi ọ̀rá so àpò tó dì náà lọ́tọ̀, ó fi okùn pupa dè é lọ́rùn kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣì í mú, ó wọ píkọ́ọ̀pù. Ó ní láti Ìtòíkin dé Ẹ̀pẹ́, òun kò rí igi kan lẹ́bàá ọ̀nà. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé àpò kan lè má tó. Bí Sọ̀fíyàt bá kú, wọ́n á béèrè ẹni tó gbé ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní ìdí ẹja. Iṣẹ́ rẹ̀ lè lọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kọ́ ló ń dùn ún jù. Ọmọ kan ti wà láyé láti àárọ̀ tí ìyá rẹ̀ kò tíì gbé e.

Ó ṣí ìwé olójú-ewé ọgọ́ta rẹ̀, ó wá ojú ewé Ẹ̀pẹ́. Orúkọ mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀. Ìkeje ni Mojúbàolú, O-nẹ́gátíìfù, ó fún wọn ní ẹ̀jẹ̀ ní oṣù márùn-ún sẹ́yìn nígbà tó wá kí àbúrò rẹ̀ ní Ìkòròdú. Ó kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé: “Ó ń kan ọkọ̀ ojú omi létí ọ̀sà. Ẹ pe fóònù aláta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.”

Ó pe aláta. Aláta lọgun pe Mojúbàolú.

“Ta nìyẹn?”

“Èmi ni Oyèdèjì, ti Ìkòròdú. Ẹni ẹ̀jẹ̀.”

“Yéè! Ẹ ò tíì jẹ́ kí n sanra tán, ẹ tún ti dé!”

“Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti jẹun lónìí?”

“Mo ti jẹ ẹ̀bà. Ẹ ń béèrè bí ẹni tó fẹ́ pa àgbò iléyá.”

“Ìyá ọlọ́mọ kan ló wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Mo gbé méjì bọ̀, ọ̀kan bàjẹ́ lọ́wọ́ mi.”

Mojúbàolú kò ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. “Ilé ìwòsàn wo?” ló béèrè.

Abọ́dúnrìn, ọkọ Sọ̀fíyàt, wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí Bàbá Dùnsìn dé. Ọ̀dọ́kùnrin ni, kò wọ bàtà. Bóyá ó ti sáré jáde nílé bẹ́ẹ̀ ni.

“Méjì ni wọ́n ní ẹ ń gbé bọ̀.”

“Méjì ni mo gbé. Ọ̀kan ti bàjẹ́ lọ́nà.”

“Ta ló bà á jẹ́?”

Ó lè dárúkọ ẹlẹ́ja. Ó lè dárúkọ awakọ̀ tí kò fẹ́ táyà. “Èmi ni,” ló wí. “Èmi ni mo gbé e sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n gbé èyí tó dára wọlé ná, lẹ́yìn náà kí ẹ wá ṣe mí bí ẹ bá ṣe fẹ́.”

Abọ́dúnrìn yà fún un lọ́nà.

Nọ́ọ̀sì gba àpò tó dára. Dọ́kítà ilé ìwòsàn náà sì mú èyí tó ní okùn pupa, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Ó ti yọ́. Ó dà bí ẹgbẹ́ rẹ̀ gan-an, bí Bísíríyù ṣe sọ.

“Kò ṣe mí bí ẹni pé nǹkan kan ṣe èyí.”

“Ó dì, dọ́kítà. Ọwọ́ mi ni mo fi tẹ̀ ẹ́. Yíyọ́ ló yọ́.”

Dọ́kítà sọ àpò náà sínú ike ìdọ̀tí. Bàbá Dùnsìn sọ fún mi pé òun gbọ́ ìró rẹ̀ nígbà tó já sí ìsàlẹ̀, ó sì dun òun, nítorí òun mọ ẹni tó ni ín.

Kò pẹ́ tí Mojúbàolú fi gun ọ̀kadà dé, tòun ti èérún pákó lórí. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n rí i pé ó dára, wọ́n sì gbà á. Bó ṣe dùbúlẹ̀ ló ń bá Abọ́dúnrìn ṣeré pé bí ọmọ náà bá dàgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ igi, kí wọ́n má béèrè ibi tó ti rí i o. Abọ́dúnrìn kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó wá sunkún, ó tún rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n ń pe ìrun Àsárì, Sọ̀fíyàt la ojú. Ó béèrè ọmọ rẹ̀. Bàbá Dùnsìn kò wọlé lọ wò ó. Ó ní kọ̀rídọ̀ ni òun wà tí òun ti gbọ́ ohùn rẹ̀, ìyẹn sì tó òun.

Nígbà tó ń padà bọ̀ lọ́jọ́ kejì, ó sọ̀ kalẹ̀ ní Ìtòíkin. Ṣẹ̀rífátù kò pàtẹ. Ó jókòó sórí àpótí ẹja rẹ̀, ó káwọ́ lérí. Bó ṣe rí i, ó dìde.

“Ó kú, àbí?”

“Kò kú. Ó ń fún ọmọ lọ́mú.”

Obìnrin náà jókòó padà. Bàbá Dùnsìn jókòó tì í.

“Alájà, ìdajì ẹ̀kọ́ ni mo kọ́ yín. Ẹja ti kú kẹ́ ẹ tó gbé yìnyín lé e. Ẹ̀jẹ̀ kò tíì kú. Ó ń sùn ni.”

Ó sọ ọ̀rọ̀ ọkàn inú àpò mẹ́ta fún un, bí dọ́kítà ṣe sọ ọ́ fún òun. Ṣẹ̀rífátù tẹ́tí sílẹ̀ dé òpin. Lẹ́yìn náà ó béèrè pé, “Ìyá ẹni tó ni ọkàn yẹn, ṣé wọ́n sọ fún un pé ó dé?”

Bàbá Dùnsìn ní ìbéèrè yẹn ya òun lẹ́nu, ó sì tu òun nínú.

Ẹni kan ló kù. Ẹ̀jẹ̀ tó bàjẹ́ náà, Ìdrís ló ni ín, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ ńlá yẹn. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti fún wọn. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Bàbá Dùnsìn lọ dúró níbi tí bọ́ọ̀sì àwọn òṣìṣẹ́ máa ń já wọn sí. Ìdrís rí i, ó nawọ́ sókè.

“Bàbá ẹlẹ́jẹ̀! Ẹrù mi ti délé?”

“Kò délé, Ìdrís. Ó bàjẹ́ lọ́nà. Yìnyín ló mú un.”

Ìdrís dúró. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọjá lọ. “Ẹ̀jẹ̀ èmi Ìdrís ló di yìnyín?”

“Òun ni. Má bínú.”

“Èmi tí ìyàwó mi ń sọ pé ara mi gbóná jù!” Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹni tó yẹ kó gbà á ńkọ́?”

“Ẹlòmíràn fún un. Ó yè.”

“Àlàmùdùlílààhì. Ṣé kí n wá lọ́la, kí n fún yín ní òmíràn?”

“Rárá o. Ó di ìgbà tó bá pé oṣù mẹ́ta. Ìwọ náà ń lo èyí tó kù.”

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó kan ilẹ̀kùn wa. Ó gbé páálí funfun kan àti máká dání. Ó ní, “Moyọ̀sọ́rẹ, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ mọ́ ju tèmi lọ. Bá mi kọ nǹkan tí n ó lẹ̀ mọ́ ìdérí kúlà.”

Mo jókòó, ó ń pè é fún mi, mo ń kọ ọ́:

*Ẹ̀jẹ̀ ló wà níbí. Ó ń sùn ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí i. Ẹ má fi yìnyín kún un, kódà bí ẹ bá fẹ́ràn mi.*

Mo dá ọwọ́ dúró níbi ìparí yẹn. Mo bi í pé ṣé kò ní dára ká yọ ọ́, kó má bàa dà bí àwàdà.

“Má yọ ọ́,” ló wí. “Èyí gan-an ló ṣe pàtàkì jù níbẹ̀. Ọ̀tá kì í báni fi yìnyín kún kúlà.”

Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.